Okùn Tó Wà Lórí Ìjókòó Kẹ̀kẹ́

Múyìbátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àsàláàmù àlékùmù. Mo kí ọ, mo kí Klára tí ẹ jọ wà níbẹ̀, mo kí ilé tí ẹ ń kùn. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Èmi fúnra mi ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó ní kí n jókòó sílé máa tọ́jú àbúrò mi, ṣùgbọ́n èyí tí mo kà nígbà náà, mi ò sọ ọ́ nù. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, má ṣe fi hàn mí. Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mi ò kàn pè ọ́. Ohùn mi lórí fóònù máa ń bínú kí èmi gan-an tó bínú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lo jókòó sídìí tábìlì mi ní Arcella, ní Padova níbí, tí o sọ fún mi pé o ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Piacenza. O ní ìwọ àti Klára fẹ́ sọ ilé ìyá ìyá rẹ̀, ní abúlé kan nílẹ̀ Faransé, di ilé àlejò tí àwọn èèyàn á ti máa wá fi ìsinmi wọn gun kẹ̀kẹ́. O ní lọ́jọ́ tí ẹ bá máa ṣí i, èmi ni mo máa gun kẹ̀kẹ́ ṣíwájú gbogbo àlejò. Mo ní mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. O ní kí n ṣáà ṣe àdúà sí i nígbà náà. Mo ní mi ò lè ṣe àdúà sí ohun tí kò yé mi. O dìde, o wọ kóòtù, o dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ní, «Mamma, ti vergogni di me?» Pé ṣé ò ń dójú tì mí ni. Mi ò dá ọ lóhùn. O lọ wọ tram.

Klára pè mí lánàá. Ó ní o ti sún ọjọ́ tí ẹ máa ṣí ilé náà síwájú lẹ́ẹ̀kan, o ò sì fẹ́ dá òmíràn títí tí mo bá fi fún ọ lésì. Ó dára. Èsì rẹ wà nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ṣíwájú. Bí mo bá fi ṣíwájú, o ò ní ka ìyókù. Mo mọ ọmọ tí mo bí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tí kò yé mi, nítorí wọ́n pọ̀, wọn ò sì jẹ́ kí oúnjẹ wọlé sí mi lára.

O ní iṣẹ́ ní ọ́fíìsì magazzino, ilé ìkẹ́rùsí ńlá yẹn, o ní àga tó ń yí, ìwọ lò ń sọ fún àwọn ọkọ̀ ńlá ibi tí wọ́n máa lọ. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, fi ogún ọdún dúró níwájú iná tí wọ́n fi ń yọ́ irin ní Reggio Emilia, kí ọmọ wọn lè rí ibi jókòó. O wá dìde lórí àga náà. Mi ò ní o ṣe ohun tí kò dáa o. Mo ní kò yé mi.

Àwọn àlejò náà ńkọ́? O ní wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ jáde láàárọ̀, wọ́n á gun òkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì padà wá bá yín ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí ni wọ́n gbé lọ. O ní wọn ò gbé nǹkan kan. Mo ní ta ni wọ́n lọ kí. O ní wọn ò lọ kí ẹnikẹ́ni. O ní àwọn mìíràn máa ń ti ilé àlejò kan lọ sí òmíràn, tí Klára á fi furgone, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, gbé ẹrù wọn ṣíwájú. Mo wá bi ọ́ pé bí furgone bá ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ gan-an, tí àyè sì wà nínú rẹ̀, kí ló ṣe tí wọn ò wọ̀ ọ́? O fọwọ́ bojú, ò ń rẹ́rìn-ín, o ní, «Mamma, è per il piacere.» Pé ìgbádùn ni.

Àbẹ̀kẹ́, mo mọ ìgbádùn. Kí òtútù wà níta, kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kí ife ẹ̀kọ gbígbóná wà lọ́wọ́ mi, kí ẹnikẹ́ni má pè mí. Ìgbádùn nìyẹn. Èyí tó ń làágùn lórí òkè, ta ló fi í ṣe ìgbádùn?

Síbẹ̀ mi ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo wọ búọ́ọ̀sì lọ sí argine, orí ebè gíga tó wà lẹ́bàá odò yẹn, ibi tí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti máa ń pọ̀. Mo bá bàbá àgbà kan lórí bẹ́ǹṣì, kẹ̀kẹ́ wọn fara ti igi. Ṣòkòtò tí wọ́n wọ̀ lẹ̀ mọ́ wọn nítan débi pé èmi ni mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kí wọn, mo ní níbo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní, «Da nessuna parte, signora.» Pé àwọn ò lọ síbì kankan. Mo ní láti ìgbà wo. Wọ́n ní láti aago mẹ́jọ. Ojú wọn sì dùn bí ojú ẹni tí wọ́n bímọ fún. Wọ́n fún mi ní ọsàn kan. Mo jẹ ọsàn náà tán, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àìyé yẹn kọ́ ló jẹ́ kí n ní mi ò wá. Tí ó bá jẹ́ ohun tó yé mi nìkan ni mo máa ń bá lọ, mi ò bá má ti dé Italy.

Ìpolówó tí o ṣe sórí kọ̀ǹpútà ló fà á. O fi fọ́tò mi síbẹ̀, èmi pẹ̀lú ìborùn aláwọ̀ ewé àti kẹ̀kẹ́ dúdú Signora Elda, ọ̀gá mi àtijọ́. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá rẹ gun kẹ̀kẹ́ yìí lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún méjì, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ti kọ́ láti fẹ́ràn kẹ̀kẹ́, pé orí ìtàn rẹ̀ lẹ fi ilé náà lé. O kà á sí mi létí, omi wà lójú rẹ. Ìgbà náà ni mo ní mi ò wá.

Tún fọ́tò náà wò dáadáa. Mo dúró lórí ilẹ̀. Wá gbogbo fọ́tò tó wà nínú àpótí bàbá rẹ, o ò ní rí ọ̀kan tí mo ti jókòó sórí rẹ̀. Mi ò gun kẹ̀kẹ́ yẹn rí lọ́jọ́ kan, Múyìbátù. Mo máa ń tì í ni.

Ó ti jáde lẹ́nu mi. Mo mu omi kí n tó máa kọ ọ́ lọ.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn, bàbá mi ra kẹ̀kẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, wọ́n ní obìnrin kò gbọdọ̀ gùn ún. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí gbogbo wọn lọ kírun, mo yọ́ gbé e jáde, mo gùn ún, mo sì ré sínú kòtò níṣojú àwọn ọmọbìnrin ilé kejì. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi lọ sílé ọkọ. Èmi náà ń sọ fún wọn pé mi ò ṣubú, pé mo sọ̀ kalẹ̀ ni. Sínú kòtò. Bí orí mi ṣe le tó láti ìgbà yẹn nìyẹn.

O jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí mo wá iṣẹ́ badante lọ́dọ̀ Signora Elda, ìyá àgbà tó ń dá gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Padova. Wọ́n fẹ́ obìnrin tí á máa wẹ̀ wọ́n, tí á máa sè fún wọn, tí á sì máa dé láago méje àárọ̀ kí búọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ sí dé ọ̀hún. Wọ́n bi wá pé ta ló mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Àwa mẹ́ta la jókòó sí pálọ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Kí àwọn yòókù tó ronú, mo ti ní orí kẹ̀kẹ́ ni mo dàgbà sí. Wọ́n gba èmi. Wọ́n ní kí n lọ gbé kẹ̀kẹ́ ọkọ wọn tó ti kú lábẹ́ àtíbàbà, kí n máa lò ó.

Wákàtí kan àti àbọ̀ ni ìrìn láti Arcella dé ibẹ̀. Bí mo bá kírun àsùbá tán, mo gbé kẹ̀kẹ́ jáde nìyẹn, mo ń tì í lọ. Bí mo bá rí èèyàn tó ń bọ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń tẹ táyà wò bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀. Bó bá ku díẹ̀ kí n dé ẹnu ọ̀nà Signora, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé pẹ́dà, mo fi èkejì ti ilẹ̀, mo yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni tó gùn ún láti Róòmù bọ̀. Mo máa ń fi epo sí ṣéènì rẹ̀. Mo ra agogo tuntun sí i. Nígbà tí ilé ìwé rẹ bá wà nísinmi, mo máa gbé ọ sórí kẹ́ríà ẹ̀yìn, mo ń tì ọ́ lọ. O bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí mi ò jókòó. Mo ní ọmọ kékeré wà lẹ́yìn, ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà, bí mo bá dá wà ni mo máa ń gùn ún. O gbà mí gbọ́. O sọ ọ́ fún tíṣà rẹ, o yà á sínú ìwé, ó wá bá ọ dàgbà. Nígbà tí àwọn ọmọ Signora gbé kẹ̀kẹ́ náà fún mi lẹ́yìn ikú ìyá wọn, o fò sókè, o ní kẹ̀kẹ́ Mamma. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní: ohun tí o kò bá mọ̀, sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Èdè Faransé rẹ kò tíì já gaara, jẹ́ kí àlejò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kó tó di pé ó rí i fúnra rẹ̀. Ṣé o mọ ṣéènì tó já ṣe? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ní abúlé yẹn, kí o sì ti máa lọ kí i nígbà tí nǹkan kan kò tíì bàjẹ́.

Ìkejì ni oúnjẹ. Ẹni tó gun òkè lásán, ebi tó ń pa á kì í ṣe lásán. Má gbé abọ́ ńlá tí oúnjẹ kékeré wà láàárín rẹ̀ fún wọn bí àwọn ilé oúnjẹ yẹn. Se ìrẹsì, se ẹ̀wà, jẹ́ kí wọ́n bù ú fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti wáìnì, mi ò mọ bí ẹ ṣe máa ṣe é. Klára ní òun lòun á máa mójú tó o, ìwọ ò sọ nǹkan kan. Mò ń bi ọ́ ni, mi ò pàṣẹ. Bóyá kí ìkòkò tìrẹ ṣáà dá wà. Kí o sì mọ ibi tí oòrùn ti ń yọ nínú àgbàlá náà kí o tó tú ẹrù rẹ, kí o lè mọ ibi tí o máa kọjú sí bí o bá fẹ́ kírun.

Klára ọmọ dáadáa ni, láti ìgbà tí ẹ ti jọ wà ní yunifásítì níbí ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilé ìyá ìyá tirẹ̀ ni ẹ wà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jà, kò ní sọ ọ́ sí ọ, àmọ́ ìwọ fúnra rẹ á máa rántí rẹ̀. Mú yàrá kan kó jẹ́ tìrẹ, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, orí àga gígùn inú pálọ̀ ìbátan bàbá rẹ ni mo sùn fún oṣù méje, mo sì ń sọ fún àwọn ará ilé ní Ìsẹ́yìn pé mo ní yàrá tó ní fèrèsé méjì. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo ya fèrèsé ilé ìfọṣọ.

Èyí tó kàn ni ẹ̀kẹrin, tàbí ẹ̀karùn-ún, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, bàbá rẹ pàápàá kò gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àyà Signora bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn. Èémí kò wọlé. Oògùn tí wọ́n máa ń fà sẹ́nu ti tán nínú ike rẹ̀. Wọ́n ní kí n gun kẹ̀kẹ́ lọ ra òmíràn ní farmacia abúlé kejì, kí n yára. Mo gbé kẹ̀kẹ́ jáde, mo ń tì í, mo ń sáré. Mo mọ̀ pé bí mo bá jù ú sínú koríko kí n fi ẹsẹ̀ mi nìkan sáré, mo máa tètè dé. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n fèrèsé wọn kọjú sí ojú ọ̀nà, ìtìjú sì lẹ ọwọ́ mi mọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Mo rò pé bí mo bá yà kúrò lójú fèrèsé, mo máa jù ú sílẹ̀. Mo yà kúrò lójú fèrèsé, mi ò jù ú sílẹ̀. Mo tì í lọ, mo tì í bọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé, ètè Signora ti ń dúdú, aládùúgbò kan ló gbọ́ ìró wọn tó ti pe ambulanza. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò lọ́sibítù. Ọlọ́run dá wọn sí. Kì í ṣe ọgbọ́n tèmi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà dé, wọ́n di apá mi mú, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ síbi tí kẹ̀kẹ́ wà. Múyìbátù, lọ wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Náílọ̀n wà lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ yẹn, okùn tín-ínrín ni wọ́n fi dè é, ìso rẹ̀ sì wà ní àárín gbùngbùn òkè, ó yọ gọngọ bí òkúta. Ọkọ Signora ló so ó kí wọ́n tó kú, kí òjò má ba awọ rẹ̀ jẹ́. Kò sí ẹni tó lè jókòó lé ìso yẹn. Èmi nu agogo, mo nu ṣéènì, mo nu gbogbo irin rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ojú mi kò sì lọ sórí ìjókòó lọ́jọ́ kan, nítorí mi ò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀.

Signora fi ìka kan ìso náà. Wọ́n ní, «Fàtímọ́, ọwọ́ ọkọ mi nìyí. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti rí i pé o ò tú u. Mò ń dúró kí o sọ fún mi, kí n lè wá ẹni tó máa kọ́ ọ.»

Ìgbà tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ nìyẹn, bí mo ṣe jẹ́ obìnrin yìí. Mo wo ojú ìyá àgbà yẹn, mo ní mo máa ń tú u láràárọ̀, mo sì máa ń so ó padà bí ọkọ wọn ṣe so ó, láti bọ̀wọ̀ fún wọn. Signora wò mí títí. Wọ́n ní, «Brava.» Pé mo káre. Wọn ò tún dárúkọ kẹ̀kẹ́ mọ́ títí wọ́n fi kú ní ọdún kejì. Èmi náà sì ń tì í lọ láràárọ̀ níṣojú ẹni tó mọ̀, tí mo mọ̀ pé ó mọ̀.

Irọ́ tí mo pa kí n lè rí iṣẹ́, mo ti tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. «Brava» yẹn ni mi ò rí ibi gbé e sí. Mo máa ń gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń fọ abọ́.

Ṣùgbọ́n Signora náà ní àṣìṣe tiwọn, mi ò sì ní torí pé wọ́n ti kú kí n má sọ ọ́. Wọ́n dúró dè mí. Ẹni bíi tèmi, tí o bá dúró dè é, o máa dúró pẹ́. Ẹnì kan máa wá sílé yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gun òkè mọ́, tí á máa sọ pé táyà òun ń jò. Má jẹ́ kó pẹ́. Pè é lọ sẹ́yìn ilé, kó má sí ẹlòmíràn níbẹ̀, kí o sọ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́ pé o ti rí i, pé kò ṣe nǹkan kan, pé ẹ lè jọ tì í. Bí ó bá tún purọ́ fún ọ, má wí fún un pé «Brava». Tún un sọ lọ́jọ́ kejì.

Ó yá, èsì rẹ. O bi mí bóyá ò ń dójú tì mí. Rárá o. Nígbà tí o ka ìpolówó yẹn, mo rí i pé ìwọ lo gba irọ́ mi gbọ́ tí o fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo sì fi ìbínú bò ó bí mo ṣe máa ń ṣe. Bóyá o máa bínú sí mi. O lẹ́tọ̀ọ́. Bí o bá fẹ́ padà sí Piacenza torí rẹ̀, padà. Àmọ́ èmi wò ó pé ìfẹ́ tí o ní sí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe irọ́, níbi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀. Bóyá lórí kẹ́ríà yẹn ni, tí ìwọ ń kọrin tí èmi ń tì ọ́. Kò yé mi. Mo kàn wò ó bẹ́ẹ̀ ni.

Pa ohun tó wà lábẹ́ fọ́tò náà rẹ́. Kọ ọ́ pé ìyá mi ti kẹ̀kẹ́ yìí lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún méjì. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, mi ò kú sí kòtò Ìsẹ́yìn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé náà gbà yín. Kó fún yín ní àlejò tó mọ ọpẹ́ dá. Gbogbo ẹni tó bá jáde lẹ́nu ọ̀nà yín láàárọ̀, kí Ó dá a padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú eegun rẹ̀ pípé, kódà bí kò bá lọ síbì kankan. Àmín.

Dá ọjọ́ mìíràn. Mo máa wá. Mo máa ṣíwájú wọn bí o ṣe fẹ́, mo máa tì í láti ẹnu ọ̀nà yín dé ìdí igi àkọ́kọ́ tó bá wà lójú ọ̀nà, níbẹ̀ ni mo máa yà fún wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá jù kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dè mí.

Klára ní òun á fi furgone wá gbé kẹ̀kẹ́ náà ní cantina, nísàlẹ̀ ilé, lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti nù ún, mo ti fi epo sí ṣéènì. Sọ fún un kó má fọwọ́ kan okùn orí ìjókòó, nítorí ìwọ̀n ọdún tí mo ti wà pẹ̀lú rẹ̀ yìí, mi ò tú u rí. Bí àlejò kan bá bi ọ́ pé báwo ni ìyá rẹ ṣe ń jókòó lé ìso yẹn, sọ òtítọ́ fún un.

Èmi ni,
Fàtímọ́, ìyá rẹ.